Ibi Tí Ẹsẹ̀ Àwọn Ọkùnrin Ti Ń Yà

"Kí ló ba ọ̀nà yìí jẹ́?" Àpò, ẹ̀rọ owó káńsù tó wà lọ́rùn Ìbídùn, tún bèèrè.

"Mi ò tíì mọ̀," ni Ìbídùn dáhùn.

Iná pupa orí Àpò ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, ó sì dákẹ́. Àwọn ọkùnrin méjì tí wọ́n gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lu ilẹ̀ yẹ̀ wò wá láti Òkè-Ẹ̀tù wo ara wọn, wọ́n sì jókòó sórí páìpù wọn. Wọ́n mọ ohun tí iná pupa ń wí. Owó iṣẹ́ wọn wà nínú Àpò, Àpò kò sì ní í tú kọ́bọ̀ sílẹ̀ títí ẹni tí ìjọba ìbílẹ̀ so ó mọ́ lọ́rùn yóò fi sọ ìdí.

"Ẹńjìníà, ẹ sọ pé ìjì ni, ká máa báṣẹ́ lọ," ni èyí àgbà nínú wọn wí. "Láti ìgbà tí mo ti ń lu ilẹ̀ fún káńsù, ìjì ni gbogbo yín ń sọ."

"Bí mo bá sọ pé ìjì ni, tí kì í wá ṣe ìjì ńkọ́?"

"Ta ló fẹ́ lọ bi ìjì léèrè?"

Èkejì rẹ́rìn-ín. Ìbídùn náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò kúrò lára ọ̀gbun tó wà níwájú wọn. Ìdí-Àfọ̀n wà ní òdìkejì, lórí òkè. Ní ọdún tó kọjá, Ìjì Kòsọ́kọ́ gbé kọ́fàtì tó wà nísàlẹ̀ òkè náà lọ, ihò tí omi ń gbà kọjá lábẹ́ ọ̀nà, ọ̀nà sì já sí méjì bí okùn tó gbó. Orúkọ àbíkú ni Ilé-Iṣẹ́ Ojú Ọ̀run ń sọ àwọn ìjì, nítorí pé wọ́n ń lọ, wọ́n ń bọ̀, wọn kì í sì í lọ lọ́wọ́ òfo. Láti ìgbà tí Kòsọ́kọ́ ti lọ, àkàbà bàǹbú ni àwọn ará Ìdí-Àfọ̀n ń gbà sọdá. Orí ni kòkó wọn ń gbà, ẹ̀yìn ọmọkùnrin tó lágbára ni aláìsàn ń gbà. Ọkọ̀ akẹ́rù tí kò ní awakọ̀ ń dé etí ọ̀gbun láràárọ̀, á fọn fèrè, á dúró díẹ̀, á yí padà.

Bẹ́ẹ̀ ni kò sì sí ẹni tó gbọdọ̀ da páànù yangí kan sínú ọ̀gbun náà. Òfin Ìdí kò gbà. Ọ̀nà tí ìjì bá bà jẹ́, káńsù á kọ́kọ́ san owó àwòrán rẹ̀. Ìgbà tí àwòrán bá pé ni òkúta tó máa dé. Nígbà ayé bàbá Ìbídùn, yangí ni wọ́n ń dà lọ́dọọdún, ìjì a sì jẹ ẹ́ bí ẹni jẹ gúgúrú. Òfin wá dé, ó ní kí ẹni tó fẹ́ ya àwòrán ọ̀nà kọ́kọ́ sọ ohun tó bà á jẹ́, kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, níwájú àwọn tó ni ọ̀nà. Bí ìjì àkọ́kọ́ ọdún bá sì bá onítọ̀hún tí kò tíì lanu, Àpò á padà sí káńsù, á sì lọ sí àbúlé tó kàn.

Ilé-Iṣẹ́ Ojú Ọ̀run ti kéde láàárọ̀. Málọmọ́ ń bọ̀ lọ́sàn-án òní.

Ìbídùn mọ̀ pé omi wó kọ́fàtì. Ìyẹn kò rú u lójú. Ohun tó rú u lójú ni ọ̀nà tí omi gbà débẹ̀. Gọ́tà ọ̀nà náà tọ́ wá láti orí òkè bí ẹni fi okùn wọ̀n ọ́n. Ó yẹ kí omi tẹ̀lé e wá. Ṣùgbọ́n lábẹ́ igi àfọ̀n ńlá tó wà lókè, omi ti fi gọ́tà sílẹ̀, ó gba inú oko ẹ̀gẹ́, ó yí po bí dòjé, ó sì padà wá kọlu kọ́fàtì ní ìhà. Omi kì í fi ìsọ̀kalẹ̀ sílẹ̀ kí ó máa rìn kiri nínú oko olóko. Nǹkan kan ló fọ̀nà hàn án.

Ó tẹ́ aṣọ funfun sórí koríko, ó sì pe Atọpasẹ̀ sọ̀kalẹ̀. Ẹ̀rọ náà kò ju eṣú lọ. Àbúlé kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀, tí ń fò lókè orí wọn lójoojúmọ́. Kì í rí ojú ènìyàn, òfin kò fún un láyè. Ẹsẹ̀ nìkan ló ń rí: bí ó ṣe wúwo tó, bí ẹni náà ṣe ń gbé e, àti ibi tó kọrí sí.

"Fi ẹ̀ẹ̀rùn hàn mí," ni Ìbídùn wí.

Ìlà ìmọ́lẹ̀ tàn sórí aṣọ. Ẹsẹ̀ gbogbo ìlú ń gòkè, ń sọ̀kalẹ̀ lójú ọ̀nà, láìyà sí ibì kankan.

"Fi ìgbà òjò hàn mí, kí Kòsọ́kọ́ tó dé."

Ìlà náà là sí méjì lábẹ́ igi àfọ̀n. Ọ̀kan ń bọ̀ tààrà. Èkejì yí po bí dòjé.

Ìbídùn kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ. Ó yọ ẹsẹ̀ àwọn obìnrin sọ́tọ̀: tààrà ni gbogbo wọn ń gbà. Ó yọ ti ọmọdé: tààrà. Ti arúgbó, tààrà. Ti àlejò tí kò wọ ìlú náà rí, tààrà ni. Ohun tó kù sínú dòjé ni ẹsẹ̀ ọkùnrin tó ti dàgbà, kì í sì í ṣe gbogbo wọn. Bí ìdajì ni.

Ó fọwọ́ lérán. Bí ó bá jẹ́ Orò ni, obìnrin ni ì bá yà. Bí ó bá jẹ́ ejò ni, gbogbo ènìyàn ni ì bá yà. Bí ó bá jẹ́ gbèsè ni, ẹni tó ń sá fún un kò ní í dúró de òjò. Kí ni nǹkan tó wà níbì kan náà, tó jẹ́ pé àwọn ọkùnrin kan nìkan ló ń bẹ̀rù rẹ̀, tí wọn kò sì bẹ̀rù rẹ̀ àfi tí ilẹ̀ bá tutù?

Láàárín ìlà méjèèjì, ilé kan ṣoṣo ló wà.

*

Ó gba àkàbà sọdá. Ẹni tí káńsù háyà láti gbé e gòkè ti ń dúró níbẹ̀ lórí ọ̀kadà oníbátìrì. Rántí ni orúkọ rẹ̀. Ó wọ búbá àti ṣòkòtò funfun tí a lọ̀ dáadáa, ó sì fi ọ̀rá bo ìjókòó kí ó má bàa dọ̀tí. Òjò fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ tó rọ̀ ní ìdájí ti sọ gbogbo ilẹ̀ di ẹrẹ̀.

"Ẹ di ẹ̀yìn mú dáadáa, Ẹńjìníà. Kì í pariwo, àmọ́ orí rẹ̀ ò pé."

Wọn kò tíì lọ jìnnà tí ọ̀kadà fi yà sí òsì, sínú oko ẹ̀gẹ́, lẹ́bàá dòjé tí Kòsọ́kọ́ gbẹ́. Ojú ọ̀nà tuntun ti wà níbẹ̀, táyà ti tẹ̀ ẹ́ kó jìn. Ìbídùn rí i, ojú rẹ̀ sì là. Ìjì ti gbé ọ̀nà ẹ̀bùrú ti àkọ́kọ́ lọ, wọ́n sì ti tẹ òmíràn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró."

Rántí dúró. "Ẹ gbàgbé nǹkan ni?"

"Kí ló dé tí ẹ yà?"

"Ibí yìí ló dáa."

"Ọ̀hún tẹ́jú ju ibí lọ."

"Ọ̀hún lẹ́rẹ̀."

"Ibí náà lẹ́rẹ̀."

Rántí wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn. "Ẹrẹ̀ ọ̀hún yàtọ̀," ni ó wí.

"Ẹ jẹ́ ká gba ọ̀hún, kí n rí bó ṣe yàtọ̀."

"Ẹńjìníà, ẹ wo aṣọ mi."

"Mo rí i. Ó mọ́."

"Èmi ni alága ẹgbẹ́ àgbẹ̀. Ìpàdé yín tọ̀sán yìí, èmi ni n ó kí àlejò káàbọ̀. Kí aṣọ yìí lè mọ́ débẹ̀ ni mo ṣe yà."

"Káńsù ló ń san owó yín lónìí," ni Ìbídùn wí, ohùn rẹ̀ kò le. "Ibi tí mo bá nawọ́ sí ni ẹ máa gbé mi gbà."

Rántí mí kanlẹ̀. Ó yí ọ̀kadà padà bí ẹni tí wọ́n ń mú lọ gba abẹ́rẹ́.

Ilé náà wà létí ọ̀nà gan-an, pẹ̀lú ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó kọjú sí ọ̀nà. Bàbá arúgbó kan jókòó síbẹ̀ lórí àga, ó ń bu iṣu sísun jẹ. Bí ọ̀kadà ṣe dé iwájú rẹ̀, Rántí sọ̀kalẹ̀. Ó wo ilẹ̀ lápá ọ̀tún, ó wò ó lápá òsì, bóyá ó ń wá ibi gbígbẹ. Kò sí. Ó na gbọọrọ sínú ẹrẹ̀, àyà kan ilẹ̀.

"Ta nìyẹn?" ni bàbá bèèrè.

"Èmi ni, sà. Rántí, ọkọ Àbẹ̀kẹ́."

"Háà, Rántí. O ti ti ìrìn àjò dé?"

"Mo ti dé, sà," ni Rántí wí látinú ẹrẹ̀.

"Àbẹ̀kẹ́ ńkọ́?"

"Ó wà, sà."

"Orúnkún rẹ̀ tó ń dùn ún?"

"Ó ti ń fúyẹ́, sà."

"Àwọn ọmọ? Ewúrẹ́ tí mo fi ránṣẹ́, ṣé ó ti bímọ? Kòkó ọdún yìí ńkọ́, ẹ ti gé tòkè odò?"

Rántí dá gbogbo rẹ̀ lóhùn láìgbé orí sókè. Ìbídùn, tó ti kúnlẹ̀ kí bàbá tó sì ti dìde tipẹ́, rí i bí omi ẹrẹ̀ ṣe ń gòkè lára búbá náà díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí bàbá béèrè dé orí ọmọ ẹ̀gbọ́n Rántí tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga, ó wá sọ pé, "Dìde, jàre."

Rántí dìde. Ẹ̀yìn rẹ̀ funfun, iwájú rẹ̀ dà bí ògiri tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́.

"Ìwọ ni káńsù rán sí wa?" ni bàbá bi Ìbídùn. "Èmi ni Ajíbóyè. Ṣé wàá bá wa tún ọ̀nà yìí ṣe kí ènìyàn lè máa gbà á? Tí òjò bá ti dé báyìí, ńṣe ló máa ń dákẹ́. Obìnrin á kọjá, ọmọdé á kọjá. Obìnrin ni gbogbo ọmọ tí mo bí, gbogbo wọn sì ti rílé ọkọ. Mo rò pé ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi ò ní í ṣófo láéláé. Àmọ́ ìgbà òjò ni gbogbo ọkọ wọn ń rìnrìn àjò. Mi ò mọ ohun tí wọ́n ń lọ tà nínú òjò."

Rántí ń wo bàtà ara rẹ̀.

Wọ́n gòkè títí wọ́n fi dé ìdí igi àfọ̀n. Ibẹ̀ ni Ìbídùn ti sọ̀kalẹ̀.

"Ẹ̀yin mélòó ni?"

"Ọkọ ọmọ méje ni wá. Ṣùgbọ́n ẹ ka àwọn ẹ̀gbọ́n wa àti àbúrò wa mọ́ ọn, nítorí àna ni gbogbo wa jẹ́ fún un. Bí ìdajì ọkùnrin ìlú nìyẹn." Ó ń fi ewé nu àyà rẹ̀, ó sì ń ba aṣọ jẹ́ sí i. "Ẹ má rò pé a kórìíra bàbá, Ẹńjìníà. Wọn ò gbowó lọ́wọ́ wa nígbà ìgbéyàwó, wọn ò bú wa rí. Ẹ̀bi wọn kan ò ju pé wọ́n fẹ́ràn ọ̀rọ̀. Lẹ́ẹ̀rùn, ìyẹn ò ní nǹkan ṣe, èèyàn á na sórí ilẹ̀ gbígbẹ, a jọ máa tàkúrọ̀sọ. Àmọ́ nínú ẹrẹ̀..."

"Ta ló kọ́kọ́ yà?"

"Mi ò mọ̀. Nígbà tí mo gbéyàwó, ọ̀nà ẹ̀bùrú náà ti wà. Ọjọ́ kejì ìgbéyàwó mi ni ọkọ ẹ̀gbọ́n Àbẹ̀kẹ́ pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì mú mi wá síbí. Bí ẹni fi ibi tí wọ́n ri wúrà sí hàn mí ló ṣe fi hàn mí."

Ìbídùn nawọ́ sí etí gọ́tà. Sìmẹ́ńtì rẹ̀ ti fọ́ kúrò níbẹ̀, ní ìwọ̀n ibi tí ọ̀kadà lè gbà. "Èyí ńkọ́?"

"Ìyẹn? A kàn gé e díẹ̀ ni, kí táyà lè wọlé."

Ìbídùn wo ibẹ̀ títí. Àlọ́ tó rú u lójú láti ọjọ́ tó ti dé ti túmọ̀ ara rẹ̀ sílẹ̀ níwájú rẹ̀, ó sì dára tó bẹ́ẹ̀ tó fi fẹ́ pàtẹ́wọ́. Ìgbà náà ló rántí Àpò tó wà láyà rẹ̀, tó jẹ́ pé ìjì nìkan ló ń sanwó fún, inú dídùn náà sì pòórá.

*

"Mo gbọ́ pé o ti mọ̀ ọ́n," ni Kánsẹ́lọ̀ Mọ́ńsúrátù wí. Obìnrin tó sanra, tó sì máa ń yára sọ̀rọ̀ ni. Ọmọ Ìdí-Àfọ̀n ni, òun ló sì bá wọn jà ní káńsù títí wọ́n fi fún wọn ní Àpò. Ó ti ń to àga fún ìpàdé lábẹ́ àtíbàbà tó wà níwájú ilé ẹ̀kọ́.

"Ẹ mọ̀ tẹ́lẹ̀, mà?"

"Gbogbo ìlú ló mọ̀, àfi Bàbá Ajíbóyè. Wá jókòó, ọmọ mi. Kí lo fẹ́ sọ fún Àpò?"

"Mi ò tíì mọ̀."

"Mọ̀ ọ́n o. Àpò Ìjì lèyí. Bí o bá sọ pé ọwọ́ ènìyàn ṣáájú ọwọ́ ìjì, á pa dé ni, gbọn-in. Àwọn àbúlé tó wà lórí ìlà lẹ́yìn wa, tí wọ́n bá gba tiwọn tán kó tó tún kàn wá, ọmọ tí wọ́n bí lónìí ti ń hu irùngbọ̀n."

"Tí mo bá sọ pé ìjì ni, afárá ni Àpò máa ní kí n yà."

"Afárá náà ni mo ṣèlérí fún wọn nígbà ìbò."

"Afárá á dúró dáadáa, mà. Omi tó ń yà ní ìdí àfọ̀n ló máa gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ìjì méjì sí i, afárá á dá dúró láàárín ọ̀gbun, kò sí ọ̀nà lápá ọ̀tún, kò sí lápá òsì."

"Àwọn ọmọ ìwòyí á máa ya fọ́tò níbẹ̀."

Ìbídùn kò lè ṣe kó má rẹ́rìn-ín. Kánsẹ́lọ̀ náà rín in, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò bá ẹnu rẹ̀ lọ. Ó sún mọ́ ọn.

"Gbọ́ mi. Ká tiẹ̀ fi Àpò sílẹ̀. Ṣé wàá dúró níwájú gbogbo ayé, kí o wá sọ fún bàbá arúgbó pé àwọn ọkọ ọmọ rẹ̀ ń gba ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ sá? Ta lo fẹ́ kó wo ojú ta lẹ́yìn náà? Ìjì ò ní ojú tí yóò tì í, ọmọ mi. Òun ni kí o ti ọ̀rọ̀ sí lọ́rùn."

Afẹ́fẹ́ tútù kan gba abẹ́ àtíbàbà. Lókè ọ̀hún, lẹ́yìn òkè kejì, ojú ọ̀run ti ń dúdú.

Nígbà tí wọ́n pé jọ, iwájú ni wọ́n gbé àga Bàbá Ajíbóyè sí. Àwọn ọkọ ọmọ rẹ̀ jókòó sẹ́yìn pátápátá. Rántí kò rí àyè lọ pààrọ̀ aṣọ. Ẹrẹ̀ ti gbẹ sí i láyà. Àwọn tó ń lu ilẹ̀ dúró létí àtíbàbà, ọwọ́ wọn wà lórí ẹrù.

Ìbídùn bọ́ Àpò lọ́rùn, ó gbé e sórí tábìlì. Ohùn rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ gbogbo ènìyàn.

"Kí ló ba ọ̀nà yìí jẹ́?"

Ó ti ka ọ̀rọ̀ náà sórí: ìjì ni. Kò gùn. Ó wo ojú Kánsẹ́lọ̀, ó wo àwọn aboyún tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó wo Bàbá Ajíbóyè, tí ń fi ọwọ́ gbá etí síwájú kí ó lè gbọ́. Ó rí afárá náà lójú ara rẹ̀, tó dá dúró. Ó rí ara rẹ̀ tí ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà ní àbúlé mìíràn, àti ní òmíràn.

"Ẹsẹ̀ ni," ni ó wí. "Ẹsẹ̀ ló la ọ̀nà sílẹ̀ fún omi. Ìjì kàn tẹ̀lé e ni."

Kánsẹ́lọ̀ gbé ọwọ́ lérí.

"Ẹsẹ̀ ta ni?" ni Àpò bèèrè.

Ìbídùn kò rò pé yóò béèrè ìyẹn. Ó ti pinnu láti sọ òótọ́ nípa ọ̀nà. Kò tíì pinnu láti sọ ọ́ nípa ènìyàn.

Àga kan dún lẹ́yìn. Rántí ni. Ó gba àárín àwọn ènìyàn wá síwájú, ó sì dọ̀bálẹ̀ níwájú Bàbá Ajíbóyè, lórí ilẹ̀ gbígbẹ.

"Ẹsẹ̀ mi ni, sà."

"Kí ni ẹsẹ̀ rẹ ṣe?"

"Mi ò rìnrìn àjò, sà. Mi ò rìn ín rí. Ẹ̀yìnkùlé yín ni mò ń gbà, tí òjò bá rọ̀."

Bàbá wò ó títí. Lẹ́yìn náà ló gbé ojú sókè, ó wo àwọn tó kù lẹ́yìn. Wọ́n dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n bọ́ síwájú, wọ́n sì na sẹ́gbẹ̀ẹ́ Rántí, títí iwájú àga bàbá fi kún.

"Gbogbo òjò yẹn," ni bàbá wí, ohùn rẹ̀ kò sì lọ sókè, "mò ń jókòó lójú ọ̀nà, mò ń gbàdúrà ìrìn àjò fún yín."

Iná pupa orí Àpò tàn yòò, ó sì kú.

"Àpò Ìjì ti pa dé," ni Àpò wí.

Àwọn tó ń lu ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé páìpù wọn. Obìnrin kan pòṣé. Ìbídùn nawọ́ láti mú Àpò kúrò lórí tábìlì, nígbà tí ohùn náà tún jáde.

"Ta ló lè yí ẹsẹ̀ náà padà?"

Ìbídùn fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn. Kò gbọ́ ìbéèrè yìí rí. Kò sí nínú ohun tí wọ́n kọ́ wọn. Ó wo èyí àgbà nínú àwọn tó ń lu ilẹ̀. Ọkùnrin náà mi orí. "Èyí ò ṣẹlẹ̀ rí," ni ó wí.

Ó wá yé e. Ìjì ni gbogbo wọn ti ń sọ láti ìgbà tí òfin ti dé. Kò sí ẹni tó tíì sọ nǹkan mìíràn débi tí Àpò yóò fi béèrè èyí tó kàn. Ìlẹ̀kùn ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ yìí, kò sẹ́ni tó kàn án.

"Àwa ni," ni Rántí yára wí látilẹ̀. "Àwa la máa yí i padà."

"Irọ́ ni," ni obìnrin kan wí láàárín èrò. Àbẹ̀kẹ́ ni, ó fi ọwọ́ ti orúnkún rẹ̀ dìde. "Bí òjò bá rọ̀ lọ́la, ẹ̀yìnkùlé ni. Èmi ni mò ń fọ aṣọ náà, mo mọ̀. Bàbá mi, ẹni tó dọ̀bálẹ̀ kọ́ ló ń sọ pé òun fẹ́ dìde."

Ẹ̀rín díẹ̀ ta. Bàbá Ajíbóyè kò rín in. Ó di ọ̀pá rẹ̀ mú, ó dìde, ó sì kọjú sí Àpò bí ẹni tó kọjú sí ènìyàn.

"Èmi ni," ni ó wí. "Èmi ni mo mú wọn pẹ́ nílẹ̀. Mo rò pé ìfẹ́ ni mò ń fi hàn." Ó yí sí àwọn ọkọ ọmọ rẹ̀. "Láti òní lọ, bí ilẹ̀ bá tutù, ẹ máa kí mi lórí ìdúró. Ẹ gbé ọwọ́ sókè, ó ti tó."

"Lórí ọ̀kadà ńkọ́, sà?" ni ẹnìkan bèèrè láti ìdí àga.

"Ẹ ó sọ̀kalẹ̀. Mi ò tíì kú."

"Ọ̀rọ̀ kò la ọ̀nà," ni Àpò wí. "Ẹsẹ̀ ni n ó wò."

Lókè àtíbàbà, Atọpasẹ̀ dún bí kòkòrò, ó sì fò lọ sí ìhà ibi tí igi àfọ̀n wà. Kó tó débẹ̀ ni òjò bẹ̀rẹ̀.

*

Bàbá ní kí Ìbídùn wá sá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ òun. Ó jókòó sórí àpótí, Àpò wà lórí itan rẹ̀, kò níná, ó tutù. Málọmọ́ gba orí òkè wọlé pẹ̀lú ariwo. Omi kún gọ́tà láìpẹ́. Ìbídùn rí i bó ṣe dé ibi tí wọ́n fọ́ lábẹ́ igi àfọ̀n, tó sì yà sínú oko ẹ̀gẹ́ gẹ́gẹ́ bó ti kọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ bàbá kò kan omi.

Bàbá ń wo ojú ọ̀nà.

Ọ̀kadà kan yọ lókè. Rántí ló ń gùn ún, Àbẹ̀kẹ́ wà lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀rá bo àwọn méjèèjì lórí. Nígbà tó dé abẹ́ igi àfọ̀n, orí ọ̀kadà yà sí ọ̀tún, fúnra rẹ̀, bí ẹṣin tó mọ ilé. Ó dúró. Ó dúró pẹ́ níbẹ̀, nínú òjò. Ọwọ́ bàbá le lórí ọ̀pá.

Orí ọ̀kadà yí padà. Ó ń bọ̀ tààrà.

Níwájú ọ̀dẹ̀dẹ̀, Rántí sọ̀kalẹ̀. Ìbàdí rẹ̀ ti tẹ̀ kí ó tó mọ̀.

"Ìdúró," ni bàbá wí. "Mo ní ìdúró."

Rántí dúró ní ìlàjì, bí ẹni tí owó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò rí i mọ́. Ó wá nàró díẹ̀díẹ̀, ó sì gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Kò mọ ibi tó yẹ kí ó wò.

"Ẹ kú òjò, sà."

"Kú òjò." Bàbá la ẹnu láti béèrè nǹkan, ó pa á dé, ó tún là á. "Ẹ máa lọ sílé, kí omi má pa orúnkún ọmọ mi. Tí òjò bá dá, kí ẹ wá. Mo ní ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ nínú ilé."

Nígbà tí wọ́n ti kọjá, nǹkan kan gbóná lórí itan Ìbídùn. Iná kan ti tàn lórí Àpò. Kì í ṣe pupa, kì í sì í ṣe àwọ̀ ewé tí òun mọ̀. Ó dà bí awọ ọsàn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ́n.

"Owó lílu ihò kan," ni Àpò wí. "Ihò kan péré. Níbo?"

Ìbídùn rẹ́rìn-ín. Ó fi fóònù rẹ̀ pe àwọn tó ń lu ilẹ̀, tí wọ́n sá sí ilé ẹ̀kọ́. "Ẹ má sọ̀kalẹ̀ wá sí ibi kọ́fàtì mọ́," ni ó wí fún wọn. "Ìdí igi àfọ̀n lókè, níbi tí gọ́tà ti fọ́. Ibẹ̀ la ti máa bẹ̀rẹ̀, tí òjò bá dá."

"Ẹńjìníà, afárá ńkọ́?"

"Bóyá a ò nílò afárá."

Ó ń gbọ́ bí Kánsẹ́lọ̀ Mọ́ńsúrátù ṣe ń ráhùn lẹ́yìn wọn lórí fóònù. Ó fẹ́ dá a lóhùn, ṣùgbọ́n bàbá gbé ọwọ́ sókè pé kí ó dákẹ́. Ọ̀kadà mìíràn ń bọ̀ lókè. Iná iwájú rẹ̀ nìkan ló ṣeé rí nínú òjò. Wọ́n rí i tó rọra dé abẹ́ igi àfọ̀n, tó sì dúró níbẹ̀.

Bàbá Ajíbóyè tún fìlà rẹ̀ dé, ó sì dìde dúró.